Ta Ni Kí Ó Kọ́kọ́ Wọ Bàálù? Ọ̀rọ̀ Àgbà àti Ọ̀rọ̀ Ẹrù

Bí àgbàlagbà kan láti Ṣàgámù bá lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun, tí ó sì padà dé ní àlàáfíà, ìròyìn mẹ́ta ni àwọn aládùúgbò sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: òtútù, oúnjẹ tí kò ní ata, àti ìwọ̀sí ẹnu ọ̀nà bàálù. Ti òtútù àti ti oúnjẹ kì í pẹ́ tán. Ti ẹnu ọ̀nà bàálù ni ó máa ń gùn. Àgbàlagbà náà yóò ní òun jókòó, òun ń gbọ́ bí wọ́n ti ń pe ènìyàn ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Ọmọdé kan tí kò tí ì pé ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n dìde, ó fi ìwé rẹ̀ hàn, ó wọlé. Òun tí òun ti lé ní àádọ́rin ọdún sì jókòó, òun ń wò ó. Àwọn tí ń gbọ́ yóò mi orí, wọn yóò ní ayé ti bàjẹ́.

Ìráhùn náà ní ìdí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà tán. Yorùbá ní ju òfin kan ṣoṣo lọ lórí ẹni tí yóò ṣáájú. Láàrin àwọn ọmọ inú agbo ilé, ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò: ẹni tí ó kọ́kọ́ wá sáyé ni ẹ̀gbọ́n, òun ni yóò sì kọ́kọ́ mú nínú ohun tí wọ́n bá pín. Láàrin àwọn obìnrin ilé ńkọ́? Ọjọ́ tí kálukú wọlé ọkọ ni wọ́n ń kà. Obìnrin ẹni ogójì ọdún tí ó wọlé lánàá, ìyàwó ni lójú ẹni ọgbọ̀n ọdún tí ó bá nílé. Ọmọ ìkókó tí wọ́n bí sínú ilé náà ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni. Ní ti ìgbìmọ̀ ọba, ipò oyè ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ṣàgámù fúnra rẹ̀, ìlú mẹ́tàlá ni ó para pọ̀ di ọ̀kan ní 1872, láti Òfin àti Màkún títí dé àwọn tí ó kéré sí wọn; bí àwọn ìjòyè bá sì péjọ níwájú Akárìgbò, kò sí ẹni tí yóò béèrè ọdún tí wọ́n bí ẹnì kejì kí ó tó mọ ibi tí òun yóò jókòó sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọjọ́ orí nìkan ni àṣà Yorùbá mọ̀ nínú ètò ìwọlé, ó fi ẹyọ kan ṣe ìdì.

Ibi tí ó súnmọ́ bàálù jù lọ ni gáréèjì. Ní Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ti pàdé ọ̀nà tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú Òde àti Benin, ọmọ kékeré mọ òfin gáréèjì: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò mú àyè tí ó wù ú. Agbèrò kì í béèrè ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ tí ó kún ni ó ń wá. Bí ìyá arúgbó kan bá dé nígbà tí ó ku àyè ẹ̀yìn nìkan, kò sí òfin tí ó ní kí ẹnikẹ́ni dìde fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà níwájú yóò bọ́ sílẹ̀, yóò ní, “Ìyá, ẹ máa bọ̀ níwájú níbí,” yóò sì gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, yóò bá wọn fi sí bùútù tàbí kí ó gbé e lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣà wà. Òfin ọkọ̀ ń lọ lọ́tọ̀. Ohun tí ọmọdé fi sílẹ̀ fún àgbà àti ohun tí ó gbà rù fún un ni ọ̀wọ̀.

Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn kí a tó wo ti bàálù, nítorí pé ìjókòó kì í ṣe ohun ìdíje níbẹ̀ mọ́. Ìgbà kan wà tí ó rí bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n wọ bàálù abẹ́lé ní nǹkan bí 1980 sí 1990 kò gbàgbé eré tí èrò máa ń sá lórí pápá nígbà tí ìwé ìwọlé bá pọ̀ ju ìjókòó lọ. Ẹni tí kò bá lè sáré, ilé ni yóò padà sí. Bóyá ìrántí náà ni ó ṣì ń gbé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà dìde lórí àga bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn nínú gbohùngbohùn. Lóde òní, nọ́ńbà ìjókòó ti wà lórí ìwé kí èrò tó kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé àti ẹni tí ó kẹ́yìn yóò gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé tilẹ̀ ni ẹ̀yìn yóò kọ́kọ́ máa ro. Kí ni wọ́n wá ń du?

Pẹpẹ ni wọ́n ń du, pẹpẹ tí ó wà lókè orí ìjókòó, tí wọ́n ń kó báàgì sí. Ọ̀ràn náà le sí i láti 2008, nígbà tí ilé iṣẹ́ American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí gba dọ́là 15 lórí àpótí àkọ́kọ́ tí èrò abẹ́lé Amẹ́ríkà bá fi sí ikùn bàálù. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e. Èrò náà kò gọ̀. Wọ́n kó gbogbo ẹrù wọn dání wọlé. Pẹpẹ kò gba gbogbo rẹ̀. Nígbà tí pẹpẹ di ọ̀wọ́n, àyè láti tètè wọlé náà di ọjà títà. Ìyẹn ni pé wọ́n kọ́kọ́ fi owó lé ẹrù jáde kúrò ní ikùn bàálù, wọ́n sì wá ń ta ọ̀nà orí pẹpẹ fún àwọn tí wọ́n lé. Òǹtajà Ọjà Ṣàbó kò lè gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ti ń pè é nìyí ní ọ̀pọ̀ ibi: àwọn tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ àti àwọn tí ó gbé ọmọ ọwọ́, lẹ́yìn wọn àwọn tí ó san owó ńlá, lẹ́yìn wọn àwọn oníbàárà àtìgbàdégbà, kí ó tó wá kan àwọn yòókù ní nọ́ńbà-nọ́ńbà. Ẹni tí ó bá rò pé ọgbọ́n kan tí ó jinlẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ó gbọ́ ti Jason Steffen, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ó gbé ìṣirò jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2008. Lẹ́yìn náà wọ́n fi èrò 72 dán an wò nínú àwòṣe bàálù tí ó ní ìlà ìjókòó 12. Pípe ènìyàn ní ìdì-ìdì gbà wọ́n tó bí ìṣẹ́jú 7. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú kàn máa wọlé bí ó ti ṣe kàn án, kò tó ìṣẹ́jú 5. Ètò ti Steffen, tí ó ń fi àwọn ará ẹ̀bá fèrèsé ṣáájú, ní ìlà kan sílẹ̀ ìlà kan, kò tó ìṣẹ́jú 4. Ìdí rẹ̀ rọrùn: ẹsẹ̀ kọ́ ni ó ń dá èrò dúró, ẹrù ni. Ẹnì kan dúró lójú ọ̀nà, ó ń ti báàgì sórí pẹpẹ, ogún ènìyàn sì tò sí i lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ United ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn ará ẹ̀bá fèrèsé ṣáájú nínú àwọn ìsọ̀rí ìkẹyìn rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2023. Owó àti ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ṣírò. Kò sí ẹni tí ó jókòó láti tẹ́ àgbà. Àgbà kò tilẹ̀ wá sí wọn lọ́kàn.

Níbo wá ni ìyà àgbà wà? Kí a mú ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí kò sí àdúgbò kan ní Ṣàgámù tí kò ní tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìyá sì ń lọ wẹ ọmọ. Àpótí ńlá kan ni ó ní, àti báàgì alábọ́ọ́dé kan tí ó fẹ́ gbé dání. Nítorí pé ọmọlúàbí ni, kò bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà. Ó jókòó títí ojú ọ̀nà fi dá, ó sì dìde lára àwọn ìkẹyìn. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, pẹpẹ ti kún. Òṣìṣẹ́ kan gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó so ìwé kékeré mọ́ ọn, ó ní ikùn bàálù ni yóò lọ. Ìyá dúpẹ́. Ó rò pé wọ́n bá òun gbé e ni.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nínú báàgì náà. Awò ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù sí. Oògùn alẹ́ kọjá lórí aṣálẹ̀ Sàhárà, kò lò ó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè tí ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò ni èrò ti ń kọ́kọ́ kọjá kí ó tó dé ibi ẹrù. Wọ́n bi í pé ilé ta ni ó ń lọ. Ìdáhùn wà nínú báàgì, báàgì sì wà ní ìdàkejì ògiri. Ìyá tí ó fi sùúrù ṣe ìwà ni ó dúró níbẹ̀ tí ó ń wo ojú wọn yìí. Ìwọ̀sí tí ó yẹ kí a máa ráhùn lé lórí nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọdé tí ó ṣáájú wọlé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù. Ó wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń di ẹrù, ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn àjò. Ọ̀nà méjì péré ni kí wọ́n pín ẹrù sí, kí wọ́n má ṣe ní ẹ̀kẹta. Ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ yà kúrò lára rẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ó wọ inú àpò kékeré tí yóò gba abẹ́ ìjókòó iwájú: pásípọ́ọ̀tù, oògùn ọjọ́ bíi mélòó kan, awò ojú, owó, fóònù, àdírẹ́sì, ìborùn kan nítorí òtútù. Àpò abẹ́ ìjókòó kò bá ẹnikẹ́ni du pẹpẹ. Bí ó bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, wọn kò ní ìdí láti gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìyókù, kí ó lọ sí ikùn bàálù láti ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù. Báàgì alábọ́ọ́dé, èyí tí ó tóbi ju abẹ́ ìjókòó lọ tí ó sì kéré ju àpótí lọ, òun ni ó ń da àgbà. Òun ni wọ́n ń sáré lé lórí, òun náà ni wọ́n sì ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá ní in lè wọlé ṣáájú tàbí kẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ bákan náà.

Àwọn kan yóò ní àwọn kò fẹ́ kí ẹrù àwọn kúrò lójú àwọn. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe asán, ẹni tí ó ti pàdánù àpótí rí kì í fi í ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wà fún un. Àdéhùn Montreal ti 1999, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, sọ pé bí ẹrù tí ilé iṣẹ́ gbà bá sọnù tàbí tí ó bàjẹ́, wọn yóò san án, ó pẹ́ ó yá. Iye tí ó ga jù lọ láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 2024 jẹ́ SDR 1,519 fún èrò kan, nǹkan bí 2,000 dọ́là. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá bàjẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi ìwé sùn wọ́n. Bí ó bá pẹ́ kí ẹrù tó dé, ọjọ́ 21 ni, láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún un. Ẹrù tí ọjọ́ 21 bá kọjá lórí rẹ̀ tí kò dé, òfin kà á sí ohun tí ó sọnù. Nítorí náà ìwé pélébé tí wọ́n ń fún èrò nígbà tí wọ́n bá gba àpótí, kì í ṣe ohun tí a ń fi nu ọwọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ni ó máa ń jù ú nù kí wọ́n tó jókòó.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ní yíyàn. Láti 2006, lẹ́yìn tí wọ́n tú àṣírí àwọn tí ó fẹ́ fi àdó olómi ba bàálù jẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kò gba ohun olómi tí ìgò rẹ̀ bá ju mílílítà 100 lọ lọ́wọ́ èrò. Agbo, epo pupa àti oyin, ikùn bàálù ni ilé wọn, kí wọ́n sì dì wọ́n dáadáa, nítorí epo kì í bẹ̀bẹ̀ lára aṣọ. Páwà báǹkì tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù, òdì kejì ni tirẹ̀: kò gbọdọ̀ lọ sí ikùn bàálù rárá, nítorí iná, ọwọ́ èrò ni kí ó wà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gba báàgì lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò. Ẹran àti wàrà, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ nílé. Ìlú Ọba kò gbà wọ́n lọ́wọ́ èrò tí ó ti Nàìjíríà dé, ìbáà ṣe ẹran gbígbẹ.

Obì ni ó le díẹ̀, pàápàá fún ọmọ Ṣàgámù, ìlú tí àwọn Hausa ti ń wá kó gbànja láti ìgbà pípẹ́. Bí ìyá bá ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ kẹjọ kò ní dúró de àpótí tí ó ṣìnà. Ẹ̀wù lè dé lọ́jọ́ kejìlá, kò sí ohun tí yóò ṣe. Obì ọjọ́ kẹjọ tí ó dé lọ́jọ́ kejìlá, oúnjẹ lásán ni. Bí ìlú tí wọ́n ń lọ bá gbà á, tí wọ́n sì ti béèrè kí wọ́n tó gbéra, kí awẹ́ díẹ̀ wà nínú àpò abẹ́ ìjókòó pẹ̀lú orógbó àti ataare, nínú ewé tí ó tutù, kí ìyókù máa bọ̀ nínú àpótí.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò fẹ́ kí àpótí kan ju kìlógíráàmù 23 lọ. Òṣùwọ̀n kò ṣòro rí ní Ṣàgámù. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá dé pápákọ̀ Ìkẹjà ní alẹ́ yóò rí àwọn ìyá àti bàbá tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ lórí àpótí ṣíṣí, tí wọ́n ń kó èlùbọ́ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, tí aṣọ abẹ́ wọn sì fẹ́ lójú gbogbo ayé. Àgbà tí kò jẹ́ kí ìyàwó ilé rí inú àpótí òun láti ogójì ọdún! Òun kan náà ni yóò tún padà wá sọ pé ọmọdé tí ó ṣáájú òun wọlé ni ó tẹ́ òun.

Ó kù sí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́, àti sí ọwọ́ àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ wọn. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú bàálù, òwe náà ti yí padà: ọwọ́ àgbà ni kò tó pẹpẹ mọ́, ejìká kò gbà á. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ó bá pàdé àgbà lọ́nà pẹ̀lú ẹrù lórí kì í kí i kí ó sì kọjá. Yóò gbà á, àgbà yóò sì máa súre tẹ̀ lé e. Ọmọ yìí kan náà, bí ó bá dé inú bàálù, yóò ki nǹkan bọ etí, yóò máa wo fèrèsé, nígbà tí ìyá ẹni àádọ́rin ọdún ń na àpò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ìsọ̀rí tí wọ́n kọ sórí ìwé ìwọlé rẹ̀ tí ó ní kí ó má ṣe dìde.

Àwọn àgbà náà ní ohun tí wọ́n lè béèrè. Ìpè àkọ́kọ́, ti àwọn tí ó nílò ìrànlọ́wọ́, tiwọn ni, kì í sì í ṣe ọrẹ àánú. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè béèrè fún àga oníkẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ra ìwé ìrìn àjò, láìsan owó kún un. Àwọn kan ń tijú rẹ̀, wọ́n ní a ti sọ àwọn di arọ. Àwọn mìíràn tí ara wọn le bí òkúta sì ń jókòó sórí rẹ̀ kí wọ́n lè fo ìlà. Ti àwọn kejì yìí ni ó yẹ kí ojú ti.

Ṣùgbọ́n báwo ni ìyá yóò ṣe mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè, nígbà tí ó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbohùngbohùn ń sọ, tí ó sì ń sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tí ìrẹsì ń jó lórí iná rẹ̀? Ní Ìkẹjà, ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí ń lọ wẹ ọmọ ni ó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kí wọ́n tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dìde. Èyí ni ẹ̀dùn tí ó yẹ kí àwọn àgbà Rẹ́mọ gbé lọ bá àwọn aláṣẹ, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ara wọn, ní pápákọ̀ òfurufú Gateway tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sí agbègbè Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Kò gba owó, kò gba ẹ̀rọ tuntun. Lẹ́yìn ti Gẹ̀ẹ́sì, kí òṣìṣẹ́ náà tún mú gbohùngbohùn, kí ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹ̀yin ni ìpè kàn. Ẹ rọra máa bọ̀. Ẹ yọ oògùn yín àti pásípọ́ọ̀tù yín sọ́wọ́ kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba báàgì yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nítòsí wọn, ẹ bá wọn gbé e.”